Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Akọ̀wé

Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlawẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún,
ojú ewé mọ́kànlá ni Olóyè Ọlọ́fintúyì nìkan gbà.
Ó jókòó, ó fọwọ́ lé orúnkún,
fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò nínú fọ́tò.
Ìlà kan ṣoṣo ni akọ̀wé rẹ̀ gbà:
"Ọ̀gbẹ́ni Sílífánù Fàmúàgún ló ń bá wọn wọn kòkó."

Ó ń bá wọn wọn kòkó.
Bàbá mi mọ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n.
Kòkó tó gbẹ, tó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú igbá,
tó wọ bàbá mi lọ́rùn láti oko dé ìlú,
bó bá dórí ìwọ̀n Olóyè, á fúyẹ́.
Bàtà òsì akọ̀wé ti la ẹnu níwájú.
Àtàǹpàkò rẹ̀ á yọ́ jáde,
á wọ abẹ́ pẹpẹ ìwọ̀n,
á gbé e sókè díẹ̀, díẹ̀ báyìí.
Akọ̀wé á fi ahọ́n lá pẹ́ńsù,
á kọ iye tí ẹsẹ̀ bá sọ.

Àdán ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é.
Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ.
Olóyè gan-an ò sì fún un ní àga rí;
òòró ló wà títí ó fi darúgbó.

Ọdún tí bàbá mi kú,
ìyá mi ká aṣọ ilé ìwé mi sísàlẹ̀ àpótí.
"Ìwé ti tó. Jókòó ti mi ní ulé, ká jọ máa pa ẹ̀kùrọ́."
Ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́: wọ́n ti san án.
Ta ló san án?
Ẹnìkan.
Ọdún mẹ́rin ni Ẹnìkan fi sanwó mi.
Ìyá mi á fi orúkọ Ẹnìkan gbàdúrà láàárọ̀;
lọ́sàn-án, bí Sílífánù bá ń kọjá, á tutọ́ sílẹ̀.
Sílífánù á rí itọ́ náà.
Á ṣí fìlà, á kí i.

Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí,
torí èmi ni mo mọ ìwé jù ládùúgbò.
Agolo kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀,
epo ti ta sí i lẹ́yìn.
Fágbùyì: kòkó, pọ́n-ùn mẹ́ta.
Ògúnmílúyì: pọ́n-ùn márùn-ún.
Ògúnmílúyì. Bàbá mi nìyẹn.
Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jí pátá, ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́,
ọdún mẹ́tàdínlógún, kò fo ọjọ́ ọjà kan.
Lódì kejì, orúkọ mi, sáà dé sáà,
àti ti ọmọ méjì mìíràn.
Nísàlẹ̀ tiwa: páànù orí ilé mi, ìdì méjì.
Kò kọ "ẹ dárí jì mí" síbì kankan.

Ìṣirò ni mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Mo jókòó, mo ro ó pọ̀.
Ohun tó jí fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ohun tó san lọ.
Mo tún un rò. Mẹ́sàn-án náà ni.

Ìbídùn ọmọ Fágbùyì kò lọ sílé ìwé.
Ẹ̀gbẹ́ títì Igbàrà-Odò ló ń ta iṣu sí.
"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o," á kúnlẹ̀,
èmi tí mo fi pọ́n-ùn mẹ́ta bàbá rẹ̀ mọ a, b, d.
N kì í ná an lọ́jà.
Mo máa ń san ju iye tó bá pè lọ,
màá ní mi ò ní ṣéńjì, màá yára kúrò níbẹ̀.
Lánàá ó pè mí padà:
"Tíṣà, owó yìí ti pọ̀ jù. Kí ni mo ṣe fún yín?"
Ẹnu mi ò gbà á.
Mo wo ilẹ̀.
Àtàǹpàkò òsì mi ti ká kò sínú bàtà.