Àwọn Tó Wá Wo Ilẹ̀

Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé wọn wọ Hosur,
ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan, láti òkè òkun.
Wọ́n ní fóònù ni wọ́n ń ṣe,
tàbí ohun kékeré kan tó wà nínú fóònù.
Mi ò bèèrè. Ọ̀gá mi ní kí n máa wo iwájú.

Obìnrin náà ló mú ìwé lọ́wọ́.
Ó ní, ìgbà mélòó ni iná ń lọ lóṣù?
Akọ̀wé ìjọba ní, "Kì í lọ rárá."
Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé tí iná fi lọ.
Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún rọra yí,
ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lẹ́nu.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Èmi rín tèmi nínú ọkọ̀.

A dé oko Muniyappa. Òdòdó róòsì ló gbìn,
pupa, lábẹ́ ọ̀rá funfun, ebè lẹ́yìn ebè,
tí ọkọ̀ òfuurufú ń kó lọ
fún àwọn olólùfẹ́ tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láéláé.
Wọn ò wo òdòdó.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀,
wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ìkejì wọn ilẹ̀.
Wọ́n ju okùn sí kànga, wọ́n fa omi,
wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ,
wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára.
Gowramma ìyàwó rẹ̀ ní, "Omi tí mo fi wẹ ọmọ mẹ́rin nìyẹn.
Kí ni wọ́n tún fẹ́ kó sọ?"
Muniyappa ò fèsì. Gbèsè báǹkì wà lọ́rùn ilẹ̀ náà.
Ó ń wo ẹnu kànga
bí ẹni ń wo ẹnu ọmọ tó fẹ́ rojọ́ ilé níta.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ìgboro.
Ẹni tí kò nílẹ̀ ń ta ilẹ̀,
ẹni tó nílẹ̀ ò rí oorun sùn.
Kesavan onítíì lọ ra ife igba láwìn,
ó ní ẹgbàárùn-ún òṣìṣẹ́ ni yóò máa yà lọ́dọ̀ òun láàárọ̀.
Ọmọ mi Ponmalar gé èékánná rẹ̀ dé ẹran.
Ẹnìkan ló sọ fún un pé wọn kì í gba elééékánná.
Ó wá ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan,
ó ń fi ṣa ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan
láti inú àwo kan bọ́ sínú òmíràn,
kí ọwọ́ má baà gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é.

Mo gbé wọn padà sí pápákọ̀ Bengaluru lóru.
Obìnrin náà sùn lọ, ìwé ṣí lórí itan rẹ̀.
Orúkọ ìlú mẹ́rin ni mo rí,
tiwa ló ṣe ìkẹta,
àmì ìbéèrè sì jókòó tì í bí ẹni tí kò fẹ́ dìde.
Róòsì kan tí Gowramma gé fún un
ó gbàgbé e sórí àga ẹ̀yìn.
Ìgò omi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Oṣù kẹrin rèé. Adìẹ bà lókùn:
ara ò rọ Kesavan, ara ò rọ àwọn ife rẹ̀.
Muniyappa ní òun ò ní gbin tuntun,
ó tún ní òun á gbìn ín,
ó dúró láàárín ebè, ọkọ́ lọ́wọ́.
Àwọn kan ní ìlú kejì ni wọ́n mú,
àwọn kan ní wọn ò tíì mú ìkankan.
Ẹ̀mú Ponmalar ṣì ń ró lálaalẹ́, kín-ín, kín-ín,
lára àwo.

Ohun kan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà:
láti oṣù mẹ́rin tí a ti ń jẹ ìrẹsì nílé mi,
òkúta kan ò tíì kàn mí léyín.