Àdá Lẹ́yìn Àpótí Aṣọ Pẹpẹ

Àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Sunday Ọ̀pẹ,
mo ń wá aṣọ pẹpẹ pupa,
ọwọ́ mi ba irin.
Àdá. Wọ́n fi àjákù àwọ̀n wé e,
òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.

N kò ní láti bi ẹnikẹ́ni.
Sẹ́dónù nìkan ló ń fi okùn búlúù di ojú àwọ̀n,
Sẹ́dónù tí mo kọ́ ní katikísì,
tó mọ Òfin Karùn-ún sórí kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọkọ̀ afayanrìn ti gbé etí ọ̀sà wọn mì.
Wọ́n kọ lẹ́tà sí káńsù. Wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù.
Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹrìnlá;
bàbá rẹ̀ kò dúró de ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ó bi Fadá níwájú gbogbo wa:
"Tí a bá ti kan gbogbo ilẹ̀kùn tán ńkọ́?"
Fadá ní Ìjọ kò ní ká máa wòran ìkà,
ṣùgbọ́n kó tún ilẹ̀kùn kà dáadáa,
àti pé iná tó fẹ́ dá yìí,
ṣé ó mọ ibi tí yóò kú sí?
"Fadá, ilé tiyín kò wọ omi."

Tèmi náà kò wọ omi.
Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ gbígbẹ;
ó rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ láti wàásù sùúrù.
Alaalẹ́ ni a sì ń ka orin Màríà,
pé Olúwa ré alágbára bọ́ lórí ìtẹ́.
Ogójì ọdún ni mo ti ń kà á,
kò sọ ọwọ́ ẹni tí yóò fi ré e.

Ṣùgbọ́n Pétérù, lóru ọjọ́ yẹn nínú ọgbà,
etí ta ló gé?
Kì í ṣe ti olórí àlùfáà, ìyẹn wà nílé.
Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.
Ta ló sì ń ṣọ́ géètì oníyanrìn?
Hunsínú, ọmọ Ajárá,
tí òun àti Sẹ́dónù jọ ń gbé àbẹ́là ní Máàsì.
Owó oṣù rẹ̀ kò ra àpò ìrẹsì kan.
Ọ̀gá rẹ̀ ń sùn l'Ékòó, etí rẹ̀ méjèèjì pé.

Mo fi àdá náà gé imọ̀ ọ̀pẹ.
Ilẹ̀ mọ́, Sẹ́dónù gba tirẹ̀,
ó wo ojú ibi tí irin ti kọjá,
ó wò mí.

Mo ti gbé àdá kan pamọ́.
Ọjà Agbálátà yóò ná lọ́túnla,
àdá wà níbẹ̀ jàǹtìrẹrẹ,
kò sì wọ́n.