Aládàáṣe

Ní èbúté Mẹgísítì, níbi tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi,
Ìyá Ánthúlà gbé bébà kan lé orí káńtà mi,
ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó mú eṣinṣin.
Igba yúrò ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
"Zinofía, mi ò rìnrìn-àjò.
Láti ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ṣọ́ọ̀ṣì sílé.
Bébà yìí ní mo dé ilẹ̀ Tọ́kì nígbà mọ́kànlélógójì."

Mo wo òdìkejì omi.
Kásì nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀,
àkùkọ wọn a kọ, tiwa a dá a lóhùn.
Òpó nẹ́tíwọ̀kì wọn dúró lórí òkè, ó ń ṣẹ́ iná pupa sí wa;
tiwa sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta bí onígbèsè.
Fóònù kò mọ ààlà.
Ẹni tó bá kígbe jù ni ó ń sá tọ̀ lọ.

Ó yọ ọ́ jáde láti inú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn,
ibẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí kí òtútù má baà mú un.
Mo ṣí Ètò. Mo tẹ Nẹ́tíwọ̀kì.
Lórí ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ kan jókòó bí baálé:
Aládàáṣe.
"Kí ni ìyẹn ń wí?"
"Ó ní òun ni yóò máa bá yín yàn, Ìyá."
Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi nìyẹn!
Ó yan ọkọ fún mi, kò bi mí léèrè,
torí pé ilé wọn ló súnmọ́ tiwa jù."

Mo pa á.
Òbìrí kékeré ń yí, ó ń yí,
orúkọ wá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan:
tiwọn mẹ́ta, tiwa kan,
tiwa yìí ní ọ̀pá kan ṣoṣo, bí eyín ọmọ ọwọ́.
"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Rárá, kì í ṣe èékánná,
ẹran ìka ló mọ̀."
Mo ti ìlẹ̀kùn dátà ilẹ̀ òkèèrè pa.
Mo sọ 5G kalẹ̀ di 4G,
nítorí láti àárọ̀ ni bátìrì ti ń kú lọ,
tí fóònù ń wá 5G kiri erékùṣù yìí
bí ẹni ń wá àbúrò tí ìyá rẹ̀ kò bí.
"Bí ohùn bá já ńkọ́?"
"Ẹ jáde sórí àtẹ̀gùn. Ẹ kẹ̀yìn sí Kásì."

Oṣù méjì, bébà náà tín-ín-rín.

Lẹ́yìn náà ni ìjì oṣù Kejì dé, ó gé òpó tiwa lóhùn.
Ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ kankan kò wọ èbúté.
Mo ń so fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ lóru
ni mo rí i lórí ògiri etí omi, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́,
ó kọjú sí iná pupa yẹn gan-an.
"Ìyá, fóònù tún ti sá lọ?"
"Kò sá. Èmi ni mo rán an."
Ètò. Nẹ́tíwọ̀kì. Ìlà kẹta.
Kò padà sí Aládàáṣe:
ó ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mú ọ̀kan.
"Mo mọ iye tí yóò jẹ."
Ó gbé e lé mi létí.

Ní Pẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ti ń mọ́.
Ohun kan ń ké níbẹ̀ tí kò tíì ní orúkọ,
ó ń bínú sí gbogbo ayé.

Nígbà tí bébà oṣù náà dé,
kò gbé e wá sórí káńtà mi.
Ó fi píìnì kan án mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹni mímọ́,
iye owó rẹ̀ kọjú síta.