Aró Inú Ọkàn

Ràfátù fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀,
ó fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí,
ọwọ́ tí aró ti ń mu fún ọgọ́ta ọdún.
Mo fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa á láyà.
Iná ti lọ ní gbogbo Òṣogbo;
jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ohùn tí etí kò lè gbọ́ ni mo rán wọ ìgbáàyà rẹ̀.
Ó lọ, ó kan ẹ̀jẹ̀, ó padà.
Bó bá padà tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi,
ẹ̀rọ a kùn ún ní pupa.
Bó bá padà nípọn, ẹ̀jẹ̀ ti kẹ̀yìn sí mi,
ẹ̀rọ a rẹ ẹ́ láró.

Ìyá gbórí sókè, ó rí i.
“Ta ló rẹ ẹ̀jẹ̀ mi láró láìsọ fún mi?”
Mo ní, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira.

N kò sọ fún un
pé bíbọ̀ àti lílọ nìkan ni mo rí.
Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba ìbú kọjá níwájú mi,
bó sáré bí ẹṣin,
ẹ̀rọ á ní kò sẹ́ni níbẹ̀.
Ìyókù, ṣíṣírò ni:
ohun tó wọlé tí kò jáde, inú ilé ló wà;
ògiri ọkàn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gba àárín òun kọjá.
Mo ń fi èyí tí mo rí wá èyí tí n kò rí,
títí ìlà fi tẹ̀, tó yípo.

“Ó ń yí bí aró,” ni Ìyá wí kí n tó sọ̀rọ̀.
Ó ní bí òun bá fi ọ̀pá ro ìkòkò,
ìsàlẹ̀ kì í hàn. Ìfófòó lòun ń wò,
bó ti ń sáré létí, bó ti ń lọ́ra láàárín,
òun a mọ ibi tí elú sùn sí.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn òsì padé, kò dé tán.
Aró tú síbi tí kò yẹ kí aró wà,
ó fẹ̀gbẹ́ kan ògiri lọ.
Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

“Okùn ti tú níbì kan,” ó ní,
“aró ti wọ ibi funfun.”
Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.
“Ibi dúdú yẹn ńkọ́?”
Mo ní n kò tíì mọ̀.
Ó nu àyà rẹ̀ létí ìró, ó ń wá bàtà.
Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé:
ó lè ju báyìí lọ.