Omíyalé

Aago márùn-ún ìdájí. Fọ́kọ̀ kò tíì jí.
Mo fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun,
ìka kan, ìka kejì, abẹ́ èékánná.
Mo fi ìbòmú bo imú, mo ti fèrèsé.
Fáànù kò yọ mí lẹ́nu, iná ti lọ láti àná.

Àpò omi ń bẹ láàárín itan Àwẹ̀ró,
ó fi ìró bò ó bí adìyẹ tó sàba,
nítorí omi tútù máa ń bù mí jẹ láti inú wá.

Lóṣù àkọ́kọ́, ìṣó kàlẹ́ńdà ni mo fi kọ́ ọ,
lókè lọ́hùn-ún,
ó ya wọlé bí Ògùnpa
tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá mi lọ lọ́jọ́sí.
Èjìká ọ̀tún mi ké.
Kí ló kan èjìká nínú ọ̀rọ̀ ikùn?
Nọ́ọ̀sì Fadérẹ̀ra rẹ́rìn-ín lórí fóònù:
“Bàbá, afẹ́fẹ́ ló bá omi wọlé.
Ẹ sọ àpò yẹn kalẹ̀ díẹ̀,
ẹ jẹ́ kó máa rìn, kó má sáré.”
Mo fa ìṣó yọ, mo kàn án mọ́ ìsàlẹ̀.

Ogójì ọdún ni mo fi wọn ìbàdí ará Ìbàdàn.
Mo mọ ẹni tó ń fa ikùn sínú kí téèpù má tú àṣírí.
Téèpù ti dé ọ̀dọ̀ mi:
mẹ́rìndínlógójì kí omi tó wọlé,
méjìdínlógójì àtààbọ̀ tó bá wọlé tán.
Mo rán lásítíìkì sí ṣòkòtò ara mi,
iṣẹ́ tí n kò rí ẹni gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.
Jọláadé, ọmọ ilé kejì, fọwọ́ tọ́ mi níkùn:
“Bàbá Télọ̀, ọjọ́ wo lẹ máa bí?”
Mo ní, “Lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni mò ń bí,
kò sì sí ọ̀kan tó jọ mí.”

Ìgbà tó bá ń jáde ló le jù.
Ìparí rẹ̀ gan-an,
bí ọmọdé tó ń fa ọ̀rá omi tó ti tán,
tó ń fà á, tó ń fà á,
ìfun mi sì ni ọ̀rá náà.
Mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Mo húkọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ihò bọ́tìnnì lọ́kàn mi:
abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde.
Tí mo bá fi dé bọ́tìnnì kẹfà, ó ti ń rọlẹ̀.
Ọjọ́ mìíràn, mo á rán odindi kóòtù tán,
kò ní rọlẹ̀.
Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró kì í sọ pé “pẹ̀lẹ́”.
Ó kàn ń di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mú.

Ó gbé omi tó jáde sókè,
ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi ìwé ìròyìn àná sẹ́yìn rẹ̀,
ó ka àkọlé láti inú omi já:
“Epo bẹntiróòlù tún ti wọ́n sí i.”
Ó ní, “Ó mọ́.”
Omi ni àbí ilẹ̀?
N kò bi í. Mo wọ ṣòkòtò mi.