Ọjọ́bọ̀ Ni Tèmi

Ọdún mọ́kànlá ni Ajíbíkẹ́ ti ń pọn Dúrótolúwa.
Ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀
bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ìtókò,
lórí àpáta tí kẹ̀kẹ́ arọ ò lè gùn.

Ní Ìdí-Àbà, wọ́n wọn orí ọmọ, wọ́n wọn itan,
wọ́n kọ ọ́ sí káàdì.
Ta ló wọn ìyá?
Àfi nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
tó so ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá,
ó wò ó, ó tún un wò:
"Màmá, ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn?"
Ajíbíkẹ́ fi ìka ṣírò, ṣírò, ó dákẹ́.

Ògiri kan ló là wá láàárín.
Mo máa ń gbọ́ ọ lóru tó ń yí ọmọ padà,
màá ní "Ọlọ́run ń bẹ,"
màá yí tèmi padà, màá sùn.

Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀ wá di tèmi.
Mo ti mọ ṣíbí tó ń fẹ́,
mo mọ ibi tí ìrọ̀rí ń gbé ọrùn rẹ̀ ró.
Lónìí, ife já bọ́ lọ́wọ́ mi,
ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi rin mí láyà.

Nínú yàrá, ìyá rẹ̀ ń hanrun,
aago méjì ọ̀sán gangan.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kanlẹ̀kùn.