Ijó Kọ́ Ni

Ní ọjọ́ Ajé, ṣóńṣó ewé kan ṣoṣo ló pọ́n,
ó pọ́n bí ìṣó tó dógùn-ún lára ọkọ̀ ojú omi.
Mo ní oòrùn ni.
Ní Ọjọ́rú, ewé mẹ́tàlá.
Mo fojú kà wọ́n, mo tún fìka kà wọ́n.
Etí wọn ti ká wọnú bí èékánná àwòdì,
àárín wọn dú, ó dú ju bó ṣe yẹ kí ewé tútù dú lọ,
ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà fẹ́ wá láti ìhà Topo,
efinrin inú korobá márààrún ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀.
Sẹnami, ọmọ-ọmọ mi, pàtẹ́wọ́:
"Bàbá, ẹ wò ó, wọ́n ń jó!"
Wọ́n ń jó lóòótọ́.
Ijó kọ́ ni.

Àwẹ̀ró ni mo gbìn ín fún.
Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀,
tí ọbẹ̀ wa ti tẹ́ bí ìkíni ẹni tó ń bínú,
efinrin nìkan ló ń bá a ti òkèlè dé ọ̀nà ọ̀fun.
Lóru pẹ̀lú, tí inú bá ń lọ́ ọ,
ewé méje, omi gbígbóná,
a ní ó ti rọ̀ díẹ̀, a sùn.

Kó lè tètè gbó, mo lọ sí Àgbálátà,
mo ra ajílẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ Mọ́ṣúdì,
funfun, hóró-hóró.
Ó ní ìdérí ìgò kan fún korobá kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.
Lóṣù kẹ̀?
Ta ní ń fẹ́ràn ẹni lẹ́ẹ̀kan lóṣù?
Mo fi ìdérí kan. Lọ́sẹ̀ kejì, mo fi méjì.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ìdérí ti sọnù, mo fi ẹ̀kúnwọ́,
ẹ̀kúnwọ́ ọkùnrin tó ti fa àwọ̀n rí.

Nígbà tí ó wá di pé wọ́n ń jó,
mo yí ewé padà, mo wá kòkòrò, n kò rí.
Mo gbé wọn sábẹ́ àgbọn, wọ́n ń jó níbòji.
Mo fẹ̀sùn kan kànga,
tí í máa níyọ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀rùn;
ṣùgbọ́n kànga yìí kan náà ni efinrin Bàbá Hunsu ń mu,
ewé jíjẹrà nìkan ló fi ń bọ́ ọ,
ó sì tutù minimini lẹ́yìn ọgbà, ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Bàbá Hunsu dé. Kò wo ewé rárá.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fìka kan erùpẹ̀ ẹnu korobá,
níbi tí nǹkan funfun kan ti gbẹ yíká
bí òógùn tó gbẹ sí ọrùn ẹ̀wù apẹja.
Ó tọ́ ọ wò. Ó tutọ́.
"Iyọ̀," ló wí.
Òwe àṣejù tí mò ń retí, kò pa á.
Àwẹ̀ró ní òun náà fẹ́ tọ́ ọ wò.
Gbogbo wa pariwo pé rárá.

A fi ìṣó gbígbóná la ìdí korobá.
Omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù la dà sí i, a tún dà,
ó ń ṣàn jáde ní àwọ̀ tíì,
a dà á títí tó fi mọ́, títí ẹ̀yìn fi ro mí.
Bàbá Hunsu ní kí n má fún un ní nǹkan kan mọ́,
kí n jẹ́ kí ebi pa á díẹ̀.
Ó ní èyí tó ti jó kò ní tutù mọ́ láé,
ọmọ orí ni kí n máa wò.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ewé méjì yọ, wọn ò ju etí eku lọ.
Wọn ò tó ọbẹ̀. A jẹ ọbẹ̀ títẹ́.
Àwẹ̀ró kàn ń rẹ́rìn-ín sínú àwo rẹ̀,
n kò bi í pé kí ni.

Mo di ìyókù ajílẹ̀ náà sínú ọ̀rá,
mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lókè téńté,
níbi tí agolo iyọ̀ ti ń dá jókòó
láti ọdún tó kọjá.